Àwòkọ Lọ sí Ìdánwò Ẹnu

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì oṣù kẹjọ, 1982

Ọpẹ́ ni fún Olúwa. Lẹ́tà dé láti Èkó ní òwúrọ̀ yìí. Àwọn ará Sípéènì ti dá ọjọ́ fún Adépéjú, ọmọ ọmọ mi: Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù yìí, agogo mẹ́wàá òwúrọ̀, ní ọ́fíìsì wọn. Ìdánwò ẹnu. Bí ó bá yege, wọn yóò gbé e lọ sí ìlú wọn fún ọdún mẹ́ta láti kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ èdè. Bí kò bá yege, ó parí. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni wọ́n ń gba ènìyàn láyè, ó sì ti lo ọ̀kan ní èṣí.

Èṣí: òun ni ó ga jù lọ nínú ìdánwò tí wọ́n kọ sínú ìwé. Ó wá wọlé síwájú àwọn adánniwò mẹ́ta, wọ́n bi í ní ọ̀rọ̀ kan, ẹnu rẹ̀ kú. Wọ́n dúró dè é. Wọ́n ní kí ó máa lọ. Ó padà sílé wa ní Ìjemọ̀, ó wọ yàrá, kò sì jáde títí di ọjọ́ kejì.

Ọmọ tí mo sọ ní Àwòkọ láti kékeré! Kò sí ohùn ẹyẹ, kò sí ohùn ènìyàn, kò sí ohùn rédíò tí kò lè sín jẹ. Títílọlá ọmọ mi, ìyá rẹ̀, fi í sọ́dọ̀ mi ní ọmọ ọdún mẹ́rin nígbà tí ó lọ ń ta oúnjẹ fún àwọn òṣìṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ní Papalanto. Èmi ni mo tọ́ ọ. Ohun tí ó bá ṣe ẹnu rẹ̀, ojú mi ni ó ṣe.

Mo ní ọ̀nà tèmi. Ogójì ọdún ni mo fi ṣe tíṣà ní ilé-ìwé ìjọ wa, tí mo sì fi kọ́ àwọn tí bíṣọ́ọ̀bù yóò gbọ́wọ́ lé lórí — ìbéèrè, ìdáhùn, ìbéèrè, ìdáhùn, láti ìkíní dé ìparí, láìfo ọ̀kan. Kò sí ẹyọ ẹnì kan tí ó ṣubú níwájú bíṣọ́ọ̀bù. Ọ̀la ni a óò bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹta

Ó ti kọ ọgọ́ta ìbéèrè sílẹ̀ ní èdè náà, ó sì kọ ìdáhùn sí abẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. N kò gbọ́ èdè Sípéènì, ṣùgbọ́n ábídí wọn kò yàtọ̀ púpọ̀ sí tiwa. Nítorí náà mo ń ka ìbéèrè sókè bí a ti ń ka Yorùbá, òun a sì dáhùn láti inú orí rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní mo ń sọ Sípéènì bí ẹni tí ń pe orúkọ àwọn ará Owódé nínú ìwé ìjọ.

Kí ó rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín náà kẹ́yìn.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ karùn-ún

Ìkíní dé ìkẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Kò ṣi ọ̀rọ̀ kan.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ keje

Gbogbo ọgọ́ta, lẹ́ẹ̀mejì, kí oòrùn tó mú. Mo fi ìka tẹ̀ lé ìdáhùn lórí ìwé bí ó ti ń sọ ọ́: kò fo ọ̀kan, kò ti ọ̀kan sí ipò èkejì. Ó ń ṣàn bí omi Ògùn. Ọlọ́run dárí ìgbéraga jì mí, ṣùgbọ́n inú mi dùn, mo sì jẹ ẹ̀bà méjì.

Mo ṣàkíyèsí ohun kan. Ìkíni àwọn ènìyàn wọ̀nyí kò pọ̀. “Buẹ́nọs díàs” fún òwúrọ̀, òmíràn fún ọ̀sán, òmíràn fún alẹ́, ó tán. Mo bi í báwo ni a ṣe ń kí ẹni tí ó jókòó, ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́, ẹni tí òjò pa. Ó ní wọn kì í kí i. Mo káàánú wọn.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹjọ

Mo gbọdọ̀ kọ èyí bí ó ti rí gan-an.

Lẹ́yìn ìsìn, mo pe Jùbrílù wá jẹun ọ̀sán. Ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa. A jọ ń ṣeré nínú erùpẹ̀ àdúgbò yìí kí bàbá mi tó fà mí lé àwọn òyìnbó ìjọ lọ́wọ́, kí tirẹ̀ sì fi í sí ilé-kéú. Nígbà tí ó dàgbà, ó bá ọkọ̀ ojú omi lọ sí erékùṣù Fanandopó tí àwọn ará wa ń pè ní Pànyá, ó sì fi ọdún mọ́kànlá ṣiṣẹ́ nínú oko kòkó àwọn ará Sípéènì. Bàbá Pànyá ni gbogbo ọmọdé ń pè é títí di òní. Ó gbọ́ èdè náà bí ẹni gbọ́ tilé.

Kí n má purọ́ níwájú Ọlọ́run: mo pè é kí n lè fi ọmọ mi yangàn. Mo gbé ìwé ìbéèrè lé e lọ́wọ́. Ó ní ojú òun kò ríran tó bẹ́ẹ̀, òun yóò béèrè láti inú ikùn ara òun. Ó yíjú sí Péjú, ó sọ ohun kúkúrú kan. Ọmọ náà dákẹ́. Ó tún un sọ, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ọmọ náà ń nu ọwọ́ mọ́ aṣọ. Mo ń fi ojú bá a wí pé kí ó dáhùn. Ó dìde, ó kúnlẹ̀, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wa, ó wọlé lọ.

Mo bi Jùbrílù pé ìbéèrè líle wo ni ó gbé kalẹ̀ fún ọmọdé. Ó ní òun bi í bóyá ìrẹsì náà dùn ni.

Mo ní ó yẹ kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ìkíní. Ó wò mí títí. Ó ní, “Tíṣà, ta ni ó ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láti ìkíní?” Inú bí mi. Mo sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, n kò kí i pé ó dàbọ̀.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án

Àwòkọ kò jẹun. N kò yíjú sí òdìkejì ọ̀nà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹwàá

Kí n tó gbàdúrà tán ní òwúrọ̀ ni ó ti wá kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga mi.

“Bàbá, ẹ má bínú. Mo mọ ìdáhùn yẹn. Ìkẹtàdínláàádọ́ta ni oúnjẹ wà. Mo ń sáré ka gbogbo wọn nínú mi láti ìkíní kí n lè dé ibẹ̀, ẹ̀yin méjèèjì sì ń wo ẹnu mi.”

Mo bi í bóyá bí ó ti rí ní èṣí nìyẹn. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Òun ti kọ ìbéèrè àti ìdáhùn tòun sílẹ̀ nígbà náà pẹ̀lú, ní ẹsẹẹsẹ, bí mo ti kọ́ òun láti kékeré. Èyí tí òun tò sí ìkẹrìnlélógún ni wọ́n kọ́kọ́ bi òun. Kí òun tó ka ẹsẹ̀ dé ibẹ̀, wọ́n ti ń wo aago.

Ó dìde lọ. Mo jókòó. Ohun tí n kò ronú kàn fún ọdún mẹ́tàlá sì dìde dúró níwájú mi.

Ọdún 1969. Péjú jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Àkọ́sórí ọjọ́ ìkórè. Ó dúró níwájú ìjọ nínú aṣọ funfun. Ní àárín, ó gbàgbé ọ̀rọ̀ kan, ó sì fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ dí àlàfo náà, ó ń bá a lọ, ohùn rẹ̀ ń dùn. Kò sí ẹni tí ì bá mọ̀. Èmi mọ̀. Mo dá a dúró láti orí àga mi, mo ní kí ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ó padà. Ó tún dé ibi kan náà, ó tún gbàgbé. Mo tún dá a padà. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Gbogbo ìjọ ń wò ó. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, ẹnu rẹ̀ ṣí, ohùn kò jáde. Títílọlá dìde, ó lọ gbé ọmọ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀.

Mo rò pé mo kọ́ ọ dáadáa ni. Olúwa, ṣàánú fún mi.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlá

Mo kọjá sí òdìkejì ọ̀nà. Jùbrílù wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń fa tẹ̀súbáà. Ó jẹ́ kí n dúró kí ó tó gbójú sókè. Mo ní mo wá bẹ̀bẹ̀ ni. Ó ní kí n kọ́kọ́ jókòó, nítorí pé orúnkún mi kò gbé ẹ̀bẹ̀ mọ́ láyé yìí.

Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan ti ọjọ́ ìkórè. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, “Ọjọ́ kejì tí mo dé Pànyá, ọ̀gá oko bi mí pé àdá dà. N kò gbọ́ ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ nínú èdè wọn. Ká ní mo bẹ̀rẹ̀ láti ìkíní, pàṣán ni ì bá kà á parí fún mi.”

Ó gbà láti máa rí ọmọ náà lójoojúmọ́ títí di ọjọ́ ìrìn àjò. Ṣùgbọ́n kò sí ìwé. Kò sì sí àga àti tábìlì. Àgbàlá aró Ìyá Sìlífátù, ìyàwó rẹ̀, ni wọn yóò ti máa sọ̀rọ̀, ọmọ náà yóò sì máa bá a ṣiṣẹ́. Èmi lè wá, ṣùgbọ́n n kò gbọdọ̀ la ẹnu.

“Ogójì ọdún ni o fi ń bi àwọn ènìyàn ní ọ̀rọ̀, Tíṣà. Fi ọ̀sẹ̀ méjì sinmi.”

Mo gbà. Kò rọrùn láti gbà.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlá

“Àrẹ̀dú o,” ni mo wí bí mo ti wọ àgbàlá, gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ kí a kí aláró. Ìyá Sìlífátù dáhùn láì gbójú kúrò lórí ìkòkò rẹ̀. Obìnrin tí ó pọ́n, tí ó le, tí apá rẹ̀ dúdú pẹ̀lú aró dé ìgúnpá. Ó fún Péjú ní ògbólógbòó ìró kan, ó sì ti ọwọ́ ọmọ náà bọ ìkòkò.

Jùbrílù jókòó lórí odó tí ó dojú dé, ó ń béèrè ohun tí ó bá wá sí i lẹ́nu. Mo ń wo ìka ọwọ́ rẹ̀, mo fi mọ ohun tí ó ń béèrè: ìkòkò yẹn, adìyẹ yìí, ìyá tí ń kọjá lọ. Ọmọ náà dákẹ́. Jùbrílù kò dúró dè é. Ó béèrè òmíràn. Nígbà tí ó yá, tí aṣọ wúwo lọ́wọ́ ọmọ náà, tí kò sì ráyè wo ẹnu ẹnikẹ́ni, ó dáhùn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

Mo fẹ́ pàtẹ́wọ́. Jùbrílù na ìka sí mi kí n tó gbé ọwọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlá

Ọ̀rọ̀ mọ́kànlá lẹ́sẹ̀ kan náà. Mo kà wọ́n. N kò mọ ìtumọ̀ ọ̀kan.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Oòrùn àárín òjò. Aṣọ gbẹ dáadáa.

Ẹ̀rù padà bọ̀ lónìí. Jùbrílù béèrè ohun kan tí ó ṣòro, ọmọ náà bẹ̀rẹ̀, kò rí ọ̀rọ̀ tí ó fẹ́, ó dá ara rẹ̀ padà, ó tún bẹ̀rẹ̀, ó tún dá ara rẹ̀ padà. Mo wo ilẹ̀. Mo mọ ẹni tí ó kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Bákan náà, aṣọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ kúrò nínú aró, ó fẹ́ sáré tì í padà sínú ìkòkò. Ìyá Sìlífátù di ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Wò ó, Péjú. Aṣọ kì í jáde nínú aró kí ó dú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àwọ̀ ewé ni yóò kọ́kọ́ ní. Ẹni tí kò mọṣẹ́ a rò pé ó bàjẹ́, a sáré rì í padà, a sì wá bà á jẹ́ lóòótọ́. Gbé e sókè. Jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i. Má ṣe nǹkan kan. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò dú.”

Gbogbo wa wò ó, èmi tí mo ti bá àwọn aláró gbé fún ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin tí n kò wò ó rí. Aṣọ náà ní àwọ̀ ewé ẹ̀fọ́. Ó ń yí padà díẹ̀díẹ̀ níbi tí atẹ́gùn ti kàn án. Kí a tó ka ogún, ó ti di aró.

Láti ìgbà náà títí a fi lọ sílé, bí Jùbrílù bá béèrè ọ̀rọ̀, mo rí i pé ọmọ náà ń gbé ọwọ́ sókè díẹ̀, bí ẹni gbé aṣọ. Ó mí lẹ́ẹ̀kan. Ó sì dáhùn. Bí ọ̀rọ̀ kan bá sọnù, ó fi òmíràn dí i, ó ń bá a lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ ogún

Jùbrílù! Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ó kó àwọn àgbà mẹ́ta bọ̀ láti mọ́sáláṣí, nínú agbádá, ó tò wọ́n sórí bẹ́ǹṣì kan. Ó ní mẹ́ta ni ó dẹ́rù ba ọmọ náà ní èṣí, mẹ́ta ni yóò rí lónìí. Kò sí ẹni tí ó gbọ́ èdè Sípéènì nínú wọn. Iṣẹ́ tí ó rán wọn ni kí wọ́n fajú ro. Wọ́n fà á ro púpọ̀. Ọ̀kan sùn.

Ọmọ náà wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó mí, ó sọ̀rọ̀. Nígbà tí ó pẹ́, àgbà tí ó wà ní àárín kò lè mú un mọ́ra mọ́, ó bi Jùbrílù pé kí ni ọmọ náà ń sọ. Jùbrílù ní, “Ó ní irùngbọ̀n rẹ wọ́ sí apá kan.” Ọkùnrin náà fi ọwọ́ kan irùngbọ̀n. Péjú bú sẹ́rìn-ín, ó sì sọ ohun kan fún Jùbrílù ní èdè náà kíákíá, ohun tí ẹnikẹ́ni kò bi í. Jùbrílù fèsì. Ó tún sọ òmíràn.

Wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ bá ara wọn jà bí ọmọ ọjà, mo sì jókòó síbẹ̀ bí ẹni tí a fi oyè dá lọ́lá.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìlélógún

Mo ṣẹ̀ lónìí.

Mo rí i nínú ilé ìsìn pé èékánná ọmọ náà dúdú pátápátá, aró sì ti kún ìlà àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni ó kù. Mo ní báwo ni yóò ṣe gbé irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ lọ síwájú àlejò. A fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́, a fi ọsàn wẹ́wẹ́, a fi yanrìn àti kànhìnkànhìn. Kò lọ. Mo ní kí ó wọ ìbọ̀wọ́ funfun ìyá ìyá rẹ̀, olóògbé ìyàwó mi, èyí tí ó fi ṣe ìgbéyàwó.

N kò mọ̀ pé Ìyá Sìlífátù ti gbé ọbẹ̀ wá, ó sì dúró ní ẹnu ọ̀nà. Ó gbé abọ́ kalẹ̀. Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí mi, kò pariwo.

“Bàbá Tíṣà, èmi náà ti fi ogójì ọdún ṣe tèmi. Ọwọ́ yìí ni ó rán ọmọ mẹ́fà lọ sí ilé-ìwé yín. Bí àwọn ará Sípéènì bá bínú sí i, ẹ ní kí wọ́n wá bá mi.”

Mo dìde dúró, mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Péjú ti dá ìbọ̀wọ́ padà sínú àpótí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Péjú kò jẹun láti àárọ̀. Ó ń to àpótí rẹ̀, ó ń tú u. Mo ka Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run sí i létí, mo gbàdúrà, ó ṣe àmín. Síbẹ̀ ó bi mí pé bí ó bá tún ṣẹlẹ̀ ńkọ́.

Ìgbà kan wà tí mo máa sọ pé kò ní ṣẹlẹ̀. N kò sọ ọ́.

Mo ní, “Bí ẹnu rẹ bá kú, dìde, kí o sì wá bá mi lóde. A óò padà sílé, a óò jẹ ìrẹsì. N kò ní dá ọ padà sí ìbẹ̀rẹ̀ mọ́ láé.”

Ó dúró pẹ̀lú aṣọ lọ́wọ́. Ó ní, “Bàbá, ẹ rántí?”

Mo ní mo rántí. Mo ní ọ̀rọ̀ tí ó fi dí àlàfo ní ọjọ́ náà dára ju èyí tí mo kọ́ ọ lọ, èmi ni n kò jẹ́ kí ìjọ gbọ́ ọ parí, kí ó jọ̀ọ́ kí ó dárí jì mí. Àgbà kì í tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ ọmọ rẹ̀ ní ilé tiwa. Bàbá tèmi ì bá ní orí mi dàrú. Ó gbé orí lé orúnkún mi.

Lẹ́yìn náà ó jẹ ẹ̀kọ mẹ́ta.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Èkó

A kúrò nílé ní òwúrọ̀. Jùbrílù gbàdúrà sí i lórí. Ìyá Sìlífátù kò sọ púpọ̀. Ó fi ìró àdìrẹ tuntun kan lé e lọ́wọ́, ó ní, “Àrẹ̀dú o, Péjú,” bí ẹni ń kí ẹni tí ó wà nídìí ìkòkò.

Títílọlá ti dúró dè wá lẹ́bàá títì ní Papalanto, eruku sìmẹ́ǹtì lórí gèlè rẹ̀, mọ́ínmọ́ín lọ́wọ́ rẹ̀. Dírẹ́bà kò dúró pẹ́. Títílọlá ti ojú fèrèsé di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, ó rí aró, ó wò mí. Mo ní ọwọ́ iṣẹ́ ni. Ó rẹ́rìn-ín.

A sùn sí ọ̀dọ̀ Herbert, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ní Yábàá.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Mo ń kọ èyí nínú ọkọ̀ tí ń padà bọ̀.

Wọn kò jẹ́ kí n bá a wọlé. Mo jókòó sórí àga kan ní ìta yàrá. Ó wọ ìró Ìyá Sìlífátù. Kí ó tó wọlé, ó yíjú wò mí lẹ́ẹ̀kan. Ilẹ̀kùn padé.

Mo gbọ́ ohùn obìnrin kan: ìbéèrè. Lẹ́yìn náà, ìdákẹ́jẹ́.

Mo ti kọ́ ènìyàn pẹ́, mo mọ bí a ṣe ń ka ìdákẹ́jẹ́. Mẹ́ta. Mẹ́rin. Márùn-ún. Ọjọ́ ìkórè dé bá mi lórí àga náà. Mo fẹ́ dìde kí n ṣí ilẹ̀kùn, kí n sọ fún wọn pé ó mọ̀ ọ́n, ó mọ̀ ọ́n, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ìkíní. Mo di ọ̀pá mi mú. Mẹ́fà. Mo wí nínú mi pé: gbé e sókè, ọmọ mi. Jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i. Méje. Mẹ́jọ.

Ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ó rọra bẹ̀rẹ̀. Ó dúró níbì kan, ó yí i gba ọ̀nà mìíràn, ó sì ń lọ. N kò gbọ́ ìtumọ̀ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọmọ mi. Ohùn tí ó ń sín àwọn ẹyẹ jẹ lórí igi ọsàn ẹ̀yìnkùlé wa ni. Wọ́n bi í ní òmíràn, ó dáhùn kí ìbéèrè tó délẹ̀. Ọkùnrin kan rẹ́rìn-ín nínú yàrá náà. Òun náà rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni mo wà ní ìta, mo sì ń sunkún bí ọmọ ọwọ́, akọ̀wé tí ń kọjá lọ bi mí bóyá ara mi kò yá.

Ó lé ní ogójì ìṣẹ́jú kí ó tó jáde. Mo bi í pé ìkelòó ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

“Kò sí nínú wọn, Bàbá. Ìyá náà wo ọwọ́ mi, ó ní kí ni ó ṣe èékánná mi.”

Ó ní ẹnu òun fẹ́ kú. Òun gbé ọwọ́ náà sókè, òun wò ó, òun mí. Lẹ́yìn náà ni òun sọ ti ìkòkò fún wọn, ti ẹ̀kọ láfún tí a ń fi ìyẹ́ adìyẹ yà sára aṣọ kí aró má bàa wọ ibẹ̀, ti aṣọ tí ń jáde bí ewé. Wọ́n ní báwo ni ó ṣe ń di dúdú. Òun ní a kì í ṣe é ní nǹkan, a máa ń dúró dè é ni. Wọ́n bi òun bóyá ìkíni wà fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Kí òun tó jáde, gbogbo wọn ti ń gbìyànjú láti sọ “àrẹ̀dú”, ẹnu wọn sì ń wọ́.

Èsì yóò tẹ̀lé e nínú lẹ́tà. N kò dúró de lẹ́tà kí n tó dúpẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Mo sọ ti èékánná fún Ìyá Sìlífátù. Ó ní, “Ẹ rí i?” Ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìlá oṣù kẹsàn-án

Kíláàsì àwọn tí bíṣọ́ọ̀bù yóò gbọ́wọ́ lé lórí. Mo pa ìwé dé. Mo bẹ̀rẹ̀ láti àárín, mo ní kí wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ ohun tí wọ́n gbàgbọ́. Ìdákẹ́jẹ́ gígùn. Mo dúró dè é. Ọmọbìnrin kan tí n kò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí sọ ohun tí n óò máa rò títí n óò fi kú.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ ogún

Lẹ́tà dé. Ó yege. Òun ni ìkíní.

Mo ka lẹ́tà náà fún un, ó kà á fún mi, Jùbrílù gbà á, ó kà á láìlo awò kankan. Ẹni tí ó ní ojú òun kò ríran!

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Ọjọ́bọ̀ tí ń bọ̀ ni yóò wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ilé ti ń ṣófo díẹ̀díẹ̀ kí ó tó lọ. Mo ń yọ̀, mo sì ń ka ọdún mẹ́ta mọ́ ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin. Ọwọ́ Olúwa ni ó wà.

Ní òwúrọ̀ yìí mo ra ìwé àkọsílẹ̀ tuntun kan, mo gbẹ́ pẹ́ńsùlù, mo sì kọjá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Jùbrílù. Àgbò Iléyá rẹ̀ ti wà ní orí ìso. Mo sọ fún un pé bí ọmọ náà bá ń kọ lẹ́tà sí mi, mo fẹ́ kí ó lè kọ ìlà kan tàbí méjì ní èdè náà, kí n sì mọ ohun tí ó wí. Mo fẹ́ kọ́ èdè náà.

Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó fi í sábẹ́ ìdí rẹ̀, ó jókòó lé e. “Kò sí ìwé, Tíṣà.” Péjú ti tẹ̀ lé mi, ó dúró ní ẹ̀yìn mi. Ìyá Sìlífátù fi ìkòkò sílẹ̀, ó wá wòran.

Jùbrílù na ẹsẹ̀, ó fajú ro, ó bi mí ní èdè Sípéènì pé kí ni orúkọ mi.

Mo mọ ìbéèrè náà. Òun ni ìkíní nínú ọgọ́ta. Èmi fúnra mi ni mo kà á sókè ní àràárọ̀ fún ọjọ́ márùn-ún gbáko. Ṣùgbọ́n àwọn mẹ́ta ń dúró de ẹnu mi. Ahọ́n mi lẹ̀ mọ́ òkè ẹnu. Mo wá orúkọ ìrìbọmi mi, èyí tí mo ti fi ọwọ́ kọ sínú ìwé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ilé-ìwé, n kò rí i. Ní ọjọ́ ogbó mi ni mo tó mọ ibi tí mo dá ọmọ ọdún mẹ́sàn-án dúró sí.

Péjú rọra sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn. “Ẹ gbé aṣọ sókè, Bàbá.”

Mo gbé ọwọ́ mi sókè. Kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín. Mo mí.

“Josiah,” ni mo wí, mo sì fi ọ̀rọ̀ wọn méjì tí mo rántí sí i níwájú.

Jùbrílù ronú sí i. Ó ní ohùn àwọn ará Owódé tí Péjú wí ṣì wà nínú rẹ̀. Ìyá Sìlífátù ní kí ó fi mí sílẹ̀, àwọ̀ ewé ni mo ṣì ní, kí wọ́n jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí mi.